Ọgbà Tí Kò Ní Ẹ̀sùn

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà aláwọ tí iná ti jó ní ojú mélòó kan, wọ́n yọ jáde lábẹ́ jangirọ́fà irin. Ọ̀kan dúró gbọin, èkejì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbọ́ orin tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ìrì ṣì wà lórí koríko, kò sì sí ẹ̀dá mìíràn nínú ọgbà ìgbafẹ́ náà àfi àwọn ẹyẹ, àti ọmọbìnrin tó dúró tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ara yín yá?"

"Ara tèmi yá," ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Ara jangirọ́fà yìí ni kò yá. Ẹ bá mi mú sípánà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó kéré."

Kí ó tó ronú sí i, ó ti na sípánà náà sí i. Ọwọ́ kan yọ, ó gbà á. Irin ké, irin dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ga, ó gùn, ìpẹtà irin sì kún irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó da àtaare lílọ̀ sí àgbọ̀n. Ó wo ìwé tó wà lábíyá ọmọbìnrin náà. Ó wo ẹ̀rọ kékeré tó dì mú lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tó máa ń dún kẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Háà! Ẹ̀yin ni àwọn ọmọdé ń pè ní Àǹtí Oníkà. Mo ti rò pé ẹ máa ń lu ọmọ ni."

"Kíkà ni mò ń kà. N kì í ṣèkà." Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló rán yín níṣẹ́ síbí?"

"Ojú mi."

"Ojú yín?"

"Ó rí i lánàá pé bóòtù àárín ti fẹ́ já. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré létí Oníkà. Ọ́fíìsì ìjọba ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń mójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò. Mọ́kànlá ni àwọn ọgbà náà, owó tó wà nínú ètò ìṣúná ọdún yẹn kò sì lè tún ju mẹ́rin ṣe. Òun ni wọ́n rán pé kó lọ jókòó sínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ka àwọn tó ń wọlé, kó kọ ohun tó bàjẹ́, kó wo ibi tí ibòòji wà àti ibi tí kò sí, kí àwọn ọ̀gá lè mọ ibi tí owó yóò wọ̀. Ọgbà mẹ́wàá ti yé e. Ìkọkànlá yìí, Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé, ló ń dà á láàmú.

Lọ́jọ́ Ajé, ó rí ẹ̀wọ̀n jangirọ́fà kan tó já. Nígbà tó fi máa dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti wọ̀n ọ́n, ó ti wà lódindi. Ìdí bẹ́ńṣì tó ń mì lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti dúró ṣinṣin. Nínú ìwé ẹ̀sùn tó wà ní ọ́fíìsì, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ ìlà kan nípa ọgbà náà, nínú ìlú tí àwọn ènìyàn ti máa ń kọ̀wé fẹjọ́ sùn pé oòrùn mú jù. Oníkà ti ń rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tó fi jí wá ní kùtù lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Ṣé ẹjọ́ ni?"

"N kò tí ì mọ̀. Ìbéèrè ni ná."

"Bó bá jẹ́ ìbéèrè ni, ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi kọ́kọ́." Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ máa ń tẹ ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń wò yín láti ọ̀hún. Bó bá wá dìde, tó lọ jókòó sí ibòmíràn ńkọ́? Ṣé ènìyàn kan ni àbí ó ti di méjì?"

Oníkà wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ kíkà yìí, àwọn ọ̀gá ti bi í ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í nírú èyí rí.

Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dojú kọ géètì ọgbà gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, tí ó bá ti di ọwọ́ ìyálẹ̀ta tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, á sọdá wá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì Oníkà, á máa wo ohun tó ń kọ.

"Ẹ wo àwọn àgbàlagbà tó ń rìn káàkiri yẹn," ó ní lọ́jọ́ kan. "Ibo ni wọ́n ti máa ń yí padà?"

"Níbi igi kẹta."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti rìn tó ni."

"Rárá o. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń rẹ̀ wọ́n, kò sì sí ìjókòó kankan níwájú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Bí àga kan bá wà lẹ́yìn igi kẹta, wọ́n á yí ọgbà yìí po."

Oníkà kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, ó ru àga ọ́fíìsì kan wá, ó gbé e sí ẹ̀yìn igi kẹta, ó sì lọ lúgọ sẹ́yìn ọ̀pẹ bí ẹni tó dẹ tàkúté. Bàbá arúgbó kan dé igi kẹta. Ó wo àga. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó rí owó nílẹ̀. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó yí ọgbà po! Ẹnì kejì dé, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta náà dé.

Nígbà tó di ọ̀sán, Oníkà sáré sọdá títì wọ ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ rántí kí ènìyàn.

"Wọ́n yí i po!"

Wẹ́dà ṣí gíláàsì dúdú kúrò lójú. "Mélòó?"

"Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá!"

"Àwọn méjì yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yẹn jókòó ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kan wà lórí àga, èkejì jókòó sí gbòǹgbò igi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Wẹ́dà fi di ògiri mú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìgbà tí ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni n óò nawọ́ sí. Kì í ṣe ojú ló kọ́kọ́ fa ojú. Ohun kan náà ló ya àwọn méjèèjì lẹ́nu ní ìṣẹ́jú kan náà, nígbà tí ẹ̀rín sì rọlẹ̀, olúkúlùkù rí i pé ẹnì kejì ṣì ń wo òun.

"Ìgbà wo lẹ máa jáwọ́ nínú 'ẹ' tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?" ni Wẹ́dà béèrè.

"Ìgbà tí ẹ̀yin náà bá jáwọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Ọdún mélòó ni mo fi jù yín lọ tí mo fi di àgbà?" Ó gbé gíláàsì náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Ó dáa. Ìwọ."

"Ìwọ," ni Oníkà náà wí, ojú tì í, ó sì wolẹ̀.

Ó di ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Ó mọ èéfín irin, ó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kó tó tutù. Wẹ́dà fi páìpù kan hàn án tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, ó fi òòlù kàn án, ohùn rẹ̀ sì jáde ní dídì bí ohùn ẹni tí òtútù mú.

"Gbọ́ ọ dáadáa. Ìta rẹ̀ ń dán, àbí? Inú ló ti ń jẹ lọ. Omi wọlé, kò rí ọ̀nà jáde."

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe fún un?"

"Ihò kékeré nísàlẹ̀. Kí omi máa rí ibi gbà."

"Tó bá jẹ́ pé ènìyàn lomi kún inú ẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ènìyàn ní ẹnu. Kó máa sọ ọ́ jáde."

Bàbá Oníkà kò pẹ́ gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá náà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi dúró níwájú pátákó kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Oníkà ti kú, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé. Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Mo gbọ́ pé o máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lo gbé lọ tí wọ́n fẹ́ bá ọ jó?"

"N kò gbé nǹkan kan lọ."

"Háà." Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà ti le ju bí mo ṣe rò lọ nìyẹn."

Oníkà da tíì kún ife náà.

"Ọmọ mi, n kò kórìíra iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni mo fi tọ́ ọ. Ẹwà á lọ, okun á lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń kù fún tọkọtaya. Tí ẹ bá jókòó lójúkojú, kí lẹ máa jọ sọ?"

"Ó mọ ohun tí n kò mọ̀, Bàbá."

"Bí i kí ni?"

Ó sọ ìtàn àga àti igi kẹta. Bàbá tẹ́tí, ó fajú ro, ó ń fi ìka ya nǹkan sórí tábìlì.

"Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá," ó ní nígbẹ̀yìn. "Kò burú. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n n kò gbà."

Èyí tó burú jù kò tí ì dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, Oníkà gbé ìjábọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gá, obìnrin tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ mú tó ti ẹyẹ àwòdì. Ọ̀gá to ọgbà mọ́kànlá náà bí òfin ṣe wí: èyí tí ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀ jù àti èyí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ló máa wà lókè. Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ibi tí kò bàjẹ́, kí la fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?" ni Ọ̀gá wí, ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ara Oníkà tutù. Ó mọ̀ pé gọ́tà ọgbà náà ti dí, pé irin ibẹ̀ ló gbó jù ní gbogbo ìlú, pé ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì mọ òfin kejì: ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ohun ìní ìlú láìgbàṣẹ yóò san owó ìtanràn.

Ó lọ bá Wẹ́dà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Dáwọ́ dúró fún oṣù kan," ó ní. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Jẹ́ kó hàn nínú ìwé."

"Kí ni kó hàn?"

"Pé ọgbà yẹn ti gbó! Ìwọ lo ń tún un ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó bàjẹ́ rí."

"Kí ẹ̀wọ̀n já nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ẹ̀, torí kí ìjọba lè rí i kọ?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo sọ pé ìfẹ́ tó o ní sí ọgbà yìí, òun ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀."

Wẹ́dà gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì," ó ní, "ohun tí kò bá sí nínú ìwé yín, ẹ gbà pé kò sí láyé."

'Ẹ̀yin' yẹn gún Oníkà lọ́kàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Ó mú àpò rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ẹnì kan kò rí ẹnì kejì. Wẹ́dà jó ilẹ̀kùn oníbàárà kan ní ìdojúdé, kò mọ̀ àfìgbà tí onílẹ̀kùn dé tó bi í pé ṣé àdán ló máa gbé ilé òun. Oníkà ní tirẹ̀ jókòó ti tábìlì ọ́fíìsì, ó ń wo ìlà kan ṣoṣo nínú ìjábọ̀ rẹ̀, èyí tó kọ nípa Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé. Kì í ṣe irọ́ ló wà nínú ìlà náà, síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá mi, ìjábọ̀ mi kò pé."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ dé ìdí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni ẹni tó ń tún un ṣe yìí?"

"N kò lè dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda, mà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí èmi dá sí ọ̀rọ̀ ọgbà náà mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ọgbà náà?"

"Ẹni náà, mà."

Ọ̀gá nu awò náà. "Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n mi rèé níbí. Àwọn ènìyàn ti fi àìsàn tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, wọ́n ti fi ìsìnkú tọrọ, ẹnì kan tilẹ̀ ti fi ewúrẹ́ tó sọnù tọrọ. N kò mọ fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ ìfẹ́." Ó wọ awò rẹ̀ padà. "Láti ọjọ́ Ajé, wàá lọ máa ka ọkọ̀ ní oríta ńlá. Má rò pé ìyà ni. Tí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ síbí, lọ́jọ́ tí aráyé bá gbọ́, gbogbo nọ́ńbà tó o ti kọ láti ọdún márùn-ún ni wọ́n á pè ní irọ́. Ní ti ọgbà rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè gbé e sókè. Ẹ̀rí dà?"

Kò ní ẹ̀rí. Ó dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ó fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn ọgbà náà ju bí ó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì lẹ ìwé mọ́ géètì ọgbà gbogbo, pé kí ará ìlú wá sí ìpàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ ná owó náà. Wẹ́dà sọdá lọ kà á. Ó rí ọgbà mọ́kànlá, ó rí tiwọn nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀: *Kò sí ìbàjẹ́ níbẹ̀.* Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn Oníkà ló ń gbọ́ nínú rẹ̀. "Ó sọ ọ́ fún mi," ó wí fún ara rẹ̀, "mo sì pè é ní ará ọ́fíìsì."

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Oníkà jókòó sẹ́yìn bí ará ìlú yòókù. Bàbá rẹ̀ bá a wá, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ìṣirò ni. Àwọn ará àdúgbò kan fẹ́ omi tó ń tú sókè láàárín ọgbà wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ iná. Ọ̀gá ń kọ, ó ń mi orí. Ìgbà náà ni Wẹ́dà wọlé pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì léjìká, ó rìn gba àárín ènìyàn kọjá, ó sì da ohun tó wà nínú àpò náà sórí tábìlì.

Irin ni. Bóòtù tó ti jẹ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ẹ̀wọ̀n tó já, ìdí bẹ́ńṣì tí ìpẹtà ti lu bí asẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Èmi ni wẹ́dà tó wà lódìkejì Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé. Ìwé yín ní kò sí ìbàjẹ́ níbẹ̀. Ìbàjẹ́ ọdún mẹ́rin rèé. Èmi ni mo yọ wọ́n, n kò sì gbàṣẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ irin yìí sí ọgbà náà lọ́rùn."

Ọ̀gá na ọwọ́, ó mú irin kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà òjò."

"Èyí?"

"Jangirọ́fà kékeré. Apá òsì."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n yí tábìlì ká, gbogbo wọn fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí. "Ẹ gbà mí!" ìyá kan ké. "Orí bẹ́ńṣì yìí ni mo ti fún ọmọ mi méjèèjì lọ́mú!" Oníkà kò kúrò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí àṣà rẹ̀, ó ti ń ka àwọn irin náà lọ. Mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ìgbà tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó. Bàbá ti dé ìdí tábìlì, ó mú bóòtù kan, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ló dé tí èyí fi dá ní ìdagun? Àwọn yòókù dá tààrà."

"Bàbá, ẹ kú àkíyèsí," ni Wẹ́dà wí. "Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bi ara mi. Mo rò pé ọmọ tó wà lápá kan ló wúwo jù. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó dá ní apá kejì."

"Bí wọn kò bá jókòó sí ìpẹ̀kun ńkọ́?" ni Bàbá wí. "Ẹ fún mi ní bébà."

Ibẹ̀ ni Oníkà fi wọ́n sí tó fi jáde. Nígbà tó ṣe, Wẹ́dà wá bá a lábẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gá rẹ sọ fún mi pé o ti ń lọ sí oríta. Ṣé nítorí mi ni?"

"Nítorí òtítọ́ ni. O kàn wà nínú rẹ̀ ni."

"Mo pè ọ́ ní ẹ̀yin."

"Mo gbọ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Èmi náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ló yẹ kó fara pa." Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó le, tó kún fún àpá iná. "Bí a bá tún jà, má jìnnà tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé kò wọ inú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọ̀gá ló gbé ọ̀bẹ lé ètò omi tó ń tú sókè, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ kó lọ sílé, ó sì fi owó yẹn sọ ọ́ di ọgbà karùn-ún: gọ́tà tuntun, ìjókòó mẹ́fà, jangirọ́fà méjì. Owó náà kò kan iná. Wẹ́dà san owó ìtanràn rẹ̀ láìjanpata. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì kan náà fún un ní ìwé àṣẹ pé kó máa tún irin ibẹ̀ ṣe, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá ń pè é wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí bóòtù ìdagun. Oníkà á dé bá wọn nídìí bébà, ife tíì ti tutù, wọn kò ní gbọ́ kíkí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí àlejò lọ, bàbá pè é.

"Ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Bínú kẹ̀? Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnì kan ti bi mí nírú rẹ̀ kẹ́yìn." Ó fẹ́ ìyẹ̀fun ẹfun kúrò lórí pátákó kékeré tó ti gbé jáde látinú àká. "Sọ fún un pé mo gbà. Kì í ṣe ìdáhùn ìṣirò náà ni mo ń wí."

Oníkà kò sọ. Ó fẹ́ mọ bí Wẹ́dà fúnra rẹ̀ yóò ṣe béèrè.

Ọ̀sán gangan ló béèrè, ní oríta ńlá, níbi tí Oníkà jókòó sí lábẹ́ agboòrùn tó ń ka ọkọ̀. Ó gbé oúnjẹ wá fún un, kò sì lọ.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́." Kẹ́.

"Mo ti rò ó dáadáa." Kẹ́, kẹ́. "Mo rò pé ó yẹ kí—" Kẹ́. "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Máa wí."

"Mo fẹ́ kí a fẹ́ra."

Kẹ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lo tẹ̀ yẹn?"

"Lọ́rí ni. Jẹ́ kí iná dá wọn dúró ná."

Ìgbà tí Wẹ́dà dúró yẹn gùn lójú rẹ̀ ju ọdún mẹ́rin tó fi ń yọ irin lọ. Iná pọ́n. Ọkọ̀ gbogbo dúró. Oníkà yí ara rẹ̀ sí i pátápátá, ó fi ẹ̀yìn sí oríta, ohun tí kò ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Láti ọjọ́ àga ni. Ìwọ lo pẹ́."

Iná tún yí padà, ọkọ̀ ń kọjá, kò sì sí ẹni tó kà wọ́n. Ọ́fíìsì kò mọ̀ di òní pé àwọn ọkọ̀ tó gba oríta náà lọ́jọ́ yẹn pọ̀ díẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Wọ́n lọ sí ilé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó lọ́jọ́ Ẹtì kan. Bàbá wọ kóòtù tó fi ń kọ́ni nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá Wẹ́dà, tó tọ́ ọ dàgbà, dì í lápá mú bí ẹni pé yóò sá. Ọ̀gá wá, ó ní iṣẹ́ ló gbé òun gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ fìlà tuntun.

Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ ti so ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè láti inú ìwé.

"Ṣé ẹ ti mọ ara yín dáadáa?"

Oníkà wo Wẹ́dà. Wẹ́dà wo Oníkà.

"Rárá o," ni Wẹ́dà wí. "Ohun tó gbé wa wá nìyẹn."

Akọ̀wé náà gbé ojú sókè. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti ìwé àti bírò sí iwájú wọn.